Ìwé kún àpótí, iṣẹ́ ò kún ọwọ́

Ọ̀nà àbáyọ wà fún àwọn oníwèé-ẹ̀rí tó ń ṣiṣẹ́ tí kò tó wọn ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ àìríṣẹ́ṣe làwọn èèyàn máa ń pariwo ẹ̀ jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ àwọn tó kàwé lára, tí wọn kì í fẹ́ sọ síta. Ọ̀rọ̀ ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọ̀hún kò tó ìwé tó kà, tí owó ibẹ̀ kò tó ná, tójú sì ń tì í láti dáhùn tí wọ́n bá bi í pé, "Bọ̀dá, ibo lẹ ń bá wọn ṣiṣẹ́ báyìí?" Ẹni tí kò níṣẹ́ rárá, aráyé á káàánú ẹ̀. Ẹni tó rí àbọ̀ iṣẹ́, wọ́n á ní ṣebí ó ń jáde láàárọ̀, ó ń wọlé nírọ̀lẹ́, kí ló tún ń wá? Bẹ́ẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, ọjọ́ orí ń lọ, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn ò gba ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú. Ìlú méjèèjì fara kanra débi pé àlejò kì í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ kò jìnnà sí wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń sáré lọ láàárọ̀. Àwọn ilé-ìwé gíga náà yí wọn ká. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, pólì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ, tìpínlẹ̀ wà ní Ìrèé. Ọdọọdún làwọn ọmọ ń jáde níbẹ̀, wọ́n á lọ sìnrú ìlú, wọ́n á bọ́ kakí sílẹ̀, wọ́n á padà wálé. Ilé iṣẹ́ ńlá tó lè gbà wọ́n ò tó nǹkan. Ohun tó kù kò ju iṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, ilé-ìwé aládàáni, ṣọ́ọ̀bù, POS, ọ̀kadà àti oko.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó kàwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ á di tísà ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkùnrin tó gboyè nínú ìṣirò owó á jókòó sábẹ́ agbòòrùn POS. Àwọn aládùúgbò á sì máa bi ara wọn wò, "Ìyá Túndé, àbí ọmọ yín tó lọ yunifásítì yẹn náà ló ń gun ọ̀kadà?" Ìyá Túndé á fèsì pé, "Ó kàn fi ń ṣeré ni, iṣẹ́ ń bọ̀." Kẹ́ ẹ tó mọ̀, eré ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́jọ.

ÌṢÒRO YÌÍ KÌ Í ṢE TẸNÌ KAN

Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ máa ń rò pé òun nìkan lorí òun burú. Irọ́ ni. Lọ́dún 2012, nígbà tí ilé iṣẹ́ Dangote kéde pé àwọn ń wá àwọn tó kàwé tí yóò máa wa tírélà, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ló kọ̀wé sí wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìwé ọ̀hún, wọ́n bá onímọ̀ ọ̀mọ̀wé 6 níbẹ̀, àwọn tó gboyè máśítà jẹ́ 704, àwọn onídigirí sì lé ní 8,000. Gbogbo Nàìjíríà ló lanu sílẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta, ọdún 2014, ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ẹkún. Àjọ aṣọ́bodè Ìmígíréṣọ̀n ní káwọn tó ń wáṣẹ́ wá ṣèdánwò káàkiri pápá ìṣeré nílẹ̀ yìí. Àyè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀, ó kéré tán, èèyàn mẹ́rìndínlógún ló kú. Lára àwọn tó lọ síbẹ̀, kò ní ṣàì sí àwọn tó ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kò tó wọn.

Ìṣirò ìjọba pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Àjọ NBS tó ń ka iye èèyàn tó níṣẹ́ àtàwọn tí kò ní sọ pé ní ìparí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́, ìdá 22.8 sì ni iṣẹ́ wọn ò kún ọwọ́. Lọ́dún 2023, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á padà kó lè bá tàwọn orílẹ̀-èdè yòókù mu. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré tí owó tàbí èrè wà nídìí ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti níṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò kún ọwọ́ ni ẹni tí wákàtí ẹ̀ kò tó ogójì lọ́sẹ̀, tó sì fẹ́ ṣe sí i. Nínú oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ní àwọn tí kò níṣẹ́ jẹ́ ìdá 5, àwọn tí iṣẹ́ wọn ò kún ọwọ́ jẹ́ ìdá 12.3.

Ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà. Wákàtí ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ìwé. Ẹni tó gboyè nínú ẹ̀rọ, tó ń gun ọ̀kadà ọgọ́ta wákàtí lọ́sẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ti kún ọwọ́ nìyẹn lójú ìṣirò. Kò sí níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé ó ń jìyà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jókòó máa retí ẹni tí yóò wá a wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ìwé mẹ́fà lọ́wọ́, akọ̀wé ni, aráyé ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jáde ní 1960, ìwé mẹ́fà ti pọ̀ nígboro, iṣẹ́ akọ̀wé kò sì pọ̀ tó o. Ìjọba dá oko ìjókòó sílẹ̀ káàkiri, irú èyí tó wà ní Ẹ̀sà-Òkè, kí àwọn ọmọ tó kàwé lè di àgbẹ̀ ìgbàlódé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sá kúrò níbẹ̀, torí ojú àbùkù ni wọ́n fi ń wo ọkọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé mẹ́fà nígbà yẹn náà ló ṣẹlẹ̀ sí wásíìkì, lẹ́yìn náà ló kan digirí. Ìwé kò bàjẹ́ o, àwọn tó ní in ló pọ̀.

Ọ̀ṢUN TI RÍ ONÍRÚURÚ

Ẹni tó ń gbé ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n ti rí ètò ìjọba oríṣiríṣi. Ní 2011, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gba ọ̀dọ́ 20,000 sínú O'YES, wọ́n ń fún wọn ní ₦10,000 lóṣù. Àwọn tó ní digirí wà nínú wọn tó ń gbálẹ̀ títì tó sì ń bójú tó àyíká. Ọdún méjì méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ gbé N-Power dé. Àwọn oníwèé-ẹ̀rí ń kọ́ ọmọ nílé-ìwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ₦30,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù. Ní oṣù kìíní, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá ètò náà dúró pẹ̀lú àwọn mìíràn tó jọ ọ́.

Àwọn tó ríṣẹ́ ìjọba gan-an kò fara mọ́ bẹ́ẹ̀ sùn. Láti 2015 títí di 2018, nígbà tí owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ ja wálẹ̀, wọ́n ń san owó oṣù ní ìdajì ìdajì ní Ọ̀ṣun. Àwọn tó wà ní ipele kìíní sí ìkeje ń gba owó wọn pé. Láti ipele kẹjọ lọ sókè ni gígé owó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ọ̀gá ń gba ìdajì. Ipele kẹjọ yìí sì ni onídigirí ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí oní HND ń bẹ̀rẹ̀ láti ìkeje. Ìwé tó gbé èèyàn dé ibẹ̀ náà ló kó o sí gígé. Nígbà tó tún di ìparí oṣù kọkànlá, ọdún 2022, tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè gorí oyè, ó fagi lé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba tó ṣáájú ṣe lẹ́yìn ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje ọdún náà, ó sì kan àwọn olùkọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Ètò ìjọba dára tó bá dé, kí èèyàn gbà á. Àmọ́ owó ọkọ̀ ni, kì í ṣe ilé. Ẹni tó fi ₦30,000 ti N-Power ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí tó fi sanwó ẹ̀kọ́ iṣẹ́, nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó ní ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó fi í jẹun nìkan, ọjọ́ tó dúró ni ebi padà.

Àwọn èèyàn ìlú méjèèjì tún mọ nǹkan mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, aáwọ̀ ilẹ̀ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹrin-Ọ̀ṣun, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, ó sinmi nílé. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá jáde lónìí ló máa jẹun lónìí, yálà tísà lẹ́sìnnì ni tàbí onímárúwá tó ní digirí, kò rí nǹkan kan mú wálé. Iṣẹ́ tí kò tó ni kì í jẹ́ kéèyàn ní nǹkan nípamọ́ de ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ ṢÍRÒ WÁKÀTÍ YÍN

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó wà nínú ìṣòro yìí ṣe ni kó mú bírò àti ìwé, kó ṣírò iye tí wákàtí kan rẹ̀ ń pa. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi tísà ilé-ìwé aládàáni kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ₦30,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Lóòótọ́, owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀ jẹ́ ₦70,000, Ọ̀ṣun sì ń san ₦75,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25 sílẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kéékèèké bọ́ sí. Tísà wa yìí ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù. Wákàtí 176 nìyẹn. Tó bá ń wọ ọ̀kadà ₦400 ní àlọ àti àbọ̀, ₦8,800 ti lọ. Ohun tó kù jẹ́ ₦21,200. Tẹ́ ẹ bá pín in sí wákàtí 176, ₦120 ni wákàtí kan. Ìyẹn kò ra omi inú ike kan.

Ẹni yìí kan náà ló ń ṣe lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Ká ní ilé mẹ́ta ló ń lọ, ₦8,000 lóṣù fún ilé kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí kan kan. ₦24,000 nìyẹn fún wákàtí 36, ó lé ní ₦660 ní wákàtí kan. Tó bá wá sọ pé òun ò ní máa wọlé jáde mọ́, tó kó ọmọ mẹ́fà jọ síbì kan ṣoṣo, tí òbí kọ̀ọ̀kan ń san ₦6,000, ₦36,000 nìyẹn fún wákàtí 12 lóṣù. Wákàtí kan ti di ₦3,000. Ìwé kan náà ni, ọpọlọ kan náà ni, ẹnu kan náà ló ń fi kọ́ wọn.

Iye owó lè yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, àmọ́ ìṣirò ọ̀hún ò yàtọ̀. Òun ló máa fi han èèyàn pé apá ibo nínú ọjọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, apá ibo ló kàn ń jẹ ẹ́. Kò túmọ̀ sí pé kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Àwọn àgbà ní bọ́wọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bi ikú tó pa baba ẹni. Kó di iṣẹ́ kékeré yẹn mú, kó máa gba wákàtí rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, títí tí èyí tó ń mówó wọlé yóò fi tó gbé e.

Ẹ MÚ ÌWÉ YÍN WỌNÚ IṢẸ́ TÓ WÀ NÍLẸ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó bá ti bọ́ sídìí iṣẹ́ kékeré máa ń ti ìwé rẹ̀ mọ́ àpótí. Á ní, "Kí ni mo fẹ́ fi accounting ṣe nídìí POS?" Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti wúlò. Ọlọ́jà tó wá gbowó lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń ta aṣọ, tó ń ta sìmẹ́ńtì, kò mọ èrè rẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọjà. Òfin owó-orí tuntun tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, sọ pé owó tí wọ́n ń gba orí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ju ₦800,000 lọ́dún kò ní san nǹkan kan lórí ẹ̀. Ó dáa. Báwo ni ọlọ́jà tí kò ní ìwé àkọsílẹ̀ yóò ṣe fi hàn pé tòun ò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tó mọ ìṣirò owó lè máa bá ọlọ́jà mẹ́wàá kọ ìwé wọn lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa san owó tí kò wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ń wá akọ̀wé tó lè to owó jọ lójú ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ ò fi ní máa jà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn yòókù. Ẹni tó kàwé iná mànàmáná, ṣebí ojú òrùn làwọn èèyàn ń sá wá báyìí nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀. Kó lọ dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń so sólà fún oṣù díẹ̀, ìwé tó kà yóò jẹ́ kó mọ iye báńtìrì tí ilé kan ń fẹ́ ju ẹni tó kàn ń fojú wọ̀n ọ́n lọ. Ẹni tó kàwé kẹ́mísìrì mọ ìdí tí ọṣẹ kan fi ń ho tí òmíràn ò fi ń ho. Ẹni tó gboyè nínú èdè Yorùbá, táwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè di alága ìdúró àti alága ìjókòó, ó lè máa túmọ̀ èdè, ó lè máa ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹni tó kàwé ọ̀gbìn kò yẹ kó ta gààrí bí gbogbo èèyàn ṣe ń tà á. Ó yẹ kó mọ iye tí pọ̀ọ̀lù ẹ̀gẹ́ kan ń di, kó sì mọ àkókò tí yóò tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oko yìí, àpẹẹrẹ ńlá wà ní ìtòsí. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, ọmọ Nàìjíríà, Bàbá Godfrey Nzamujo, ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà. Ní 1985, ó bẹ̀rẹ̀ oko Songhai sórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìgbẹ́ ẹran níbẹ̀ ń di gáàsì ìdáná, ìdin tí wọ́n ń sìn ń di oúnjẹ ẹja, omi inú adágún ẹja ń bomi rin ewébẹ̀. Nǹkan kan kì í ṣòfò. Láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó mú ìwé wọ inú oko, oko ọ̀hún sì di ilé-ìwé.

OJÚ TÍTÌ KÌ Í SANWÓ ILÉ

Ohun tó so ọ̀pọ̀ mọ́lẹ̀ ju àìsówó lọ ni ìtìjú. Onídigirí kì í fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò kàwé. Á ní, "Kí n wá máa pe ẹni tí kò parí wásíìkì ní ọ̀gá?" Ẹ jẹ́ kó wo Ẹrin-Ọ̀ṣun tó wà létí ilé. Àwọn onílù bàtá ìdílé Àyàn ibẹ̀, irú Làmídì Àyánkúnlé, ti lu ìlù dé Jámánì àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì níṣẹ́ lókè òkun. Ní 2007, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago tẹ odidi ìwé kan jáde lórí wọn, Debra Klein ló kọ ọ́. Àwọn onídigirí láti òkè òkun ló wá jókòó sẹ́sẹ̀ wọn kọ́ṣẹ́. Tí ọ̀mọ̀wé bá lè kúrò ní Amẹ́ríkà wá pe onílù ní ọ̀gá, kí ló ṣe tí ọmọ Ìlobùú kò lè pe mọkáníìkì àdúgbò rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìtìjú yìí tún ní ìpalára mìíràn. Ẹni tó ń fiṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ń wá òmíràn. Nílùú bíi tiwa, ẹnu làwọn iṣẹ́ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kó sọ fún olórí ilé-ìwé, kó sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó jọ sìnrú ìlú, kó sọ fún àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó. Kó sì má kàn sọ pé, "Ẹ bá mi wáṣẹ́." Kó sọ ohun tó lè ṣe.

OWÓ ÌBẸ̀RẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọgbọ́n nìkan kò tó. Ní 2011, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣe ìdíje YouWiN fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní èrò òwò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 tó kọ̀wé wọlé ní ọdún àkọ́kọ́, 1,200 ló yege, owó tí ẹlòmíràn gbà sì tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Báǹkì Àgbáyé, David McKenzie, tọpa àwọn tó gbà á àtàwọn tí kò rí i gbà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òwò àwọn tó rówó gbà ń lọ dáadáa ju tàwọn yòókù lọ, wọ́n sì ti gba òṣìṣẹ́ sí i. Kì í ṣe pé àwọn tó kù ya ọ̀lẹ. Owó ló yà wọ́n.

Ẹni tí kò bá rí YouWiN, kó wo ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí báǹkì tó dé. Èèyàn mẹ́wàá tó jọ ń dá ₦10,000 lóṣù, ₦100,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kan. Kò pọ̀, àmọ́ ó lè ra irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n ń yáni lówó lórí ohun téèyàn ti tọ́jú, èlé wọn ò sì jọ ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tó jẹ́ pé tí ẹ bá pẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n á fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Ẹ̀KỌ́ TÓ Ń ṢÍLẸ̀KÙN

Àwọn kan rò pé máśítà ló máa tú àwọn sílẹ̀. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tí digirí kìíní ò rí ibi jókòó fún, kó bi ara rẹ̀ dáadáa kó tó ra ìkejì. Ìwé kékeré tó ń ṣí ilẹ̀kùn kan pàtó máa ń ṣe èèyàn láǹfààní ju ìwé ńlá tí kò nílẹ̀kùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ tísà. Ẹni tó kàwé ìṣirò tàbí físíìsì, tí kò ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́, lójú òfin, kì í ṣe olùkọ́ tó pójú òṣùwọ̀n. Ó nílò PGDE, tí National Teachers' Institute àti yunifásítì NOUN ń ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, NOUN sì ní ẹ̀ka sí Òṣogbo. Tó bá ti gbà á, á lè ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn, ó ti kún ojú òṣùwọ̀n fún ilé-ìwé ìjọba àti ilé-ìwé aládàáni tó ń sanwó gidi. Láti oṣù kejì, ọdún 2023, ilẹ̀ England gan-an ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ni wọ́n ń wá, olùkọ́ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọmọ fún ọdún kan ó kéré tán lẹ́yìn tó gbàwé ẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé kí òun ṣáà ti kúrò ní Nàìjíríà ló kù, kó gbọ́ eléyìí. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ní digirí ló gba ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jẹ́ ọ̀gá báǹkì tàbí olùkọ́ níbí, tí ìwé wọn tún padà sínú àpótí níbẹ̀. Ní oṣù keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀hún mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Ìṣòro iṣẹ́ tí kò tó ìwé máa ń wọ bàálù tẹ̀ lé èèyàn. Ẹni tó bá tọ́jú ìwé àṣẹ rẹ̀ kó tó gbéra ni kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

ÌJỌBA NÁÀ NÍ TIRẸ̀

Gbogbo èyí kò túmọ̀ sí pé kí ìjọba máa sùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Orolú mọ àwọn tó kàwé láàárín wọn. Kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀ láti ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti ìmọ̀ àwọn ọmọ ìlú sí, kí ẹni tó bá ń wá òṣìṣẹ́ lè rí wọn. Tí wọ́n bá sì fẹ́ gba àgbàṣe iṣẹ́ kọ́lékọ́lé tàbí sólà, kí wọ́n fi ọmọ ìlú sí i. Àwọn onílé-ìwé aládàáni náà, tí wọ́n ń gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n rántí pé olùkọ́ tí ebi ń pa kì í kọ́ ọmọ dáadáa.

Àwọn òbí náà ní tiwọn. Kí ìyá máa sọ fún ọmọ tó ń gun ọ̀kadà pé "o ti fi owó mi ṣòfò" kò ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, "Ọmọ mi, ìgbésẹ̀ wo ló kàn?" Tó bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kó máa gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, ó ti mọ ibi tó ń lọ. Tí kò bá ní, kó jókòó lálẹ́ òní, kó mú bírò, kó kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye tí wákàtí rẹ̀ ń pa, ohun tí ìwé rẹ̀ lè tún ṣe nídìí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, àti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣí láàárín ọdún kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ti ka ẹ̀fà nìkan ló máa débẹ̀.